Àwo Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ilé Ìdáná

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ẹrù ẹlẹ́rù nínú ilé yín lẹ́yìn tí ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sí níbẹ̀, ṣé ojú ẹsẹ̀ lẹ máa gbé e lọ fún un, àbí ẹ máa kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ máa ro ohun tí ayé máa sọ?

Olúwatóyìn jókòó tì í. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn rẹ̀ ti wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí n má sì bá òun bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Opó ni, ní Aramọkọ níbí. Ìyá Bọ́láwálé la máa ń pè é nínú ìjọ. Kì í pariwo, kì í pa ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá jẹ, bí wọ́n bá sì ní kí ẹnì kan gba àdúrà ìparí, òun ni gbogbo ojú máa ń wò.

Nígbà tó sin ìyá rẹ̀, ó yá àwo lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Kálukú ti fi ọ̀dà sàmì sí ìdí àwo tirẹ̀ kó má baà dàpọ̀. Ti òmíràn pupa, ti òmíràn dúdú. Bí ètò bá parí, wọ́n á dojú àwo délẹ̀, wọ́n á máa ṣà á: èyí ti lágbájá, èyí ti tàmẹ̀dò.

Àmì Rachael, Ìyá Ìrètí, ìlà kékeré méjì ni, ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Àwo tirẹ̀ kì í sì í ṣe àwo lásán. Bíréékébù ni, àwo olówó tí í fọ́, funfun báláú, òdòdó búlúù yí etí rẹ̀ ká. Ìyá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un kó tó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n wá páálí tí àwo Rachael wà nínú rẹ̀ títí, wọn ò rí i.

Màmá Bámigbóyè, tí í ṣe Ìyá Ìjọ, bèèrè pé, "Ta ló fọ àwo gbẹ̀yìn?"

Olúwatóyìn ló dáhùn. "Bọ́sẹ̀ ni."

Ó wá fi kún un pé, "Mi ò sọ pé ó mú un o. Mo kàn ní òun ló fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. Bọ́sẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí ọkọ já sílẹ̀ tòun tọmọ. Àwo fífọ̀ níbi ìsìnkú àti ìkórè ló fi ń bọ́ ọmọ náà, ó sì mọ̀ ọ́n fọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é mọ́. Rachael fúnra rẹ̀ lọ sí yàrá Bọ́sẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú àpótí aṣọ ọmọ. Kò rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn ní ó ti tà á ni.

Ọdún yípo. Bọ́láwálé, ọmọ Olúwatóyìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, pè é lórí fóònù.

"Màámi, èéfín yẹn ti tó. Mo fẹ́ tún ilé ìdáná yẹn ṣe fún yín. Gáàsì, síǹkì, táìsì, gbogbo ẹ̀."

"Gáàsì ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi."

"Ẹ máa mọ̀ ọ́n lò. Ẹ ṣáà sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó rí fún alátáìsì."

Bó ṣe fẹ́ kó rí. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Lásúnkànmí ni alátáìsì tí wọ́n mú wá, ará Ọ̀yọ́ kan tó ti pẹ́ ní Aramọkọ, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù ya ògiri náà sára páálí sìmẹ́ńtì.

"Ìyá wa, ẹ wò ó. Ibí ni gáàsì, ibí ni síǹkì. Gbogbo ẹ̀yìn wọn la máa fi táìsì funfun bò, kí epo tó bá ta sí i ṣe é fi aṣọ nù. Kí lẹ fẹ́ sáàárín? Àwọn mìíràn ń fi èso sí i. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀."

Olúwatóyìn wo ògiri náà pẹ́. "Ṣé a lè ní pẹpẹ nínú ẹ̀? Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìṣó kàn mọ́ ọn níta o. Kó wọnú ògiri lọ, bí ojú fèrèsé tí wọ́n dí lẹ́yìn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lókè gáàsì?"

"Rárá. Epo á bà á jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ síǹkì ni, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Kó ga tó ojú mi, kó gùn, kẹ́ ẹ sì fi táìsì búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ẹ̀ ká bí ìgbátí aṣọ."

Lásúnkànmí fi pẹ́ńsù rẹ̀ há etí, ó wò ó. "Ìyá wa, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí la máa wá kó síbẹ̀?"

Kò mọ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun fẹ́ ohun tó dára tí ojú òun yóò máa rí bí òun bá ń fọ ìkòkò.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó wọ yàrá ìkẹ́rù lọ láti palẹ̀ mọ́. Lábẹ́ àwọn àpò kòkó àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan páálí kan.

Kó tó ṣí i ló ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ padà sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, òjò ṣú lójijì, àwọn èèyàn ń sáré kiri. Òun ló gbé páálí náà wọlé, òun ló fi àpò bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Bọ́sẹ̀ ti gbé àwo tó fọ̀ sílẹ̀ tipẹ́ kí òjò yẹn tó dé.

"Olúwa, o ṣé," ló kọ́kọ́ sọ.

Kò pẹ́ tí ọpẹ́ náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí òun bá gbé e lọ, kí lòun fẹ́ wí? Wọ́n á ní òun ti mọ̀ látìgbà yẹn. Wọ́n á ní òun tó ń gbàdúrà ìparí ló gbé àwo pamọ́, tó sì ti ọmọ ọlọ́mọ síta.

Ó jókòó sórí àpò náà. "Lọ́la," ló sọ fún ara rẹ̀. "Lọ́la ni màá lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú àwo kan jáde, ó ń nu eruku ara rẹ̀. Lásúnkànmí wọlé bá a.

"Ìyá wa, ibo lẹ ti ń fi èyí pamọ́?" Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táìsì. "Ẹ wo búlúù ara ẹ̀. Ẹ wo ti táìsì wa. Bí ìbejì. Àwọn wọ̀nyí ni pẹpẹ yẹn ń wá. Ti ìgbà tí wọ́n gbé yín níyàwó ni?"

Ó la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ó rí ògiri náà lọ́kàn rẹ̀, funfun, àwọn àwo náà nàró, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń bọ́ sára wọn.

"Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi," ló wí.

Ẹ kíyè sí i, kò purọ́. Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi dè é mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ náà ló sọ nípa Bọ́sẹ̀.

Àwo náà ni Lásúnkànmí fi wọn pẹpẹ. Ó gbẹ́ ògiri, ó rẹ́ ẹ, ó lẹ táìsì funfun, ó fi búlúù gbá etí pẹpẹ náà, ó fi sìmẹ́ńtì funfun dí gbogbo ojú ìpàdé wọn. Nígbà tó parí, Olúwatóyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ilé òun ni. Wọ́n to àwo náà síbẹ̀, wọ́n gbé wọn nàró, òdòdó wọn kọjú síta.

Lásúnkànmí fi ìka kan ti ọ̀kan nínú wọn. Ó mì.

"Ìyá wa, pẹpẹ yìí ò jìn. Bí atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn báyìí, wọ́n á ya lulẹ̀. Ká má tíì sọ ti àwọn ọmọ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ n fi gọ́ọ̀mù táìsì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láé."

"Láé?"

"Àfi tẹ́ ẹ bá fọ́ ògiri."

Àwo tí kò ṣe é ṣí kúrò, kò sí ẹni tó lè dojú rẹ̀ délẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Èrò yẹn wọ inú Olúwatóyìn wẹ́rẹ́, kò sì lé e jáde.

"Ẹ lẹ̀ ẹ́."

"Kiní kan ló wà ńbẹ̀. Ọ̀dà wà ní ìdí gbogbo wọn. Gọ́ọ̀mù kì í mú orí ọ̀dà. Àfi kí n fi bíléèdì ha á kúrò. Ṣé kí n ha á?"

Ó wo ìlà méjì aláwọ̀ ewé náà. Ìyá Rachael ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún nígbà ayé rẹ̀. Ìlà kan tilẹ̀ wọ́ díẹ̀.

"Ẹ ha á," ló wí.

Ó jáde síta nígbà tí Lásúnkànmí ń ha á. Ó mú Bíbélì dání, ó ṣí i sórí itan. Kò ka ẹsẹ kan. Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀ ni bíléèdì ń dún nínú ilé, ó sì ń gbọ́ ọ títí ó fi dáwọ́ dúró.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín. Inú rẹ̀ dùn sí ilé ìdáná yẹn. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé wá wò ó. "Ìyá Bọ́láwálé, owó dára o." "Ìyá Bọ́láwálé, ṣé ká bọ́ bàtà ká tó wọbí?" Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ tán, tó ku òun àti àwo, á kẹ̀yìn sí pẹpẹ náà jẹun. Kò sì pe Rachael wá wò ó. Bí Rachael bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dáhùn, á tètè wá nǹkan mìíràn wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, bó ṣe máa ń ṣe látijọ́. Olúwatóyìn sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ara dí i.

"Ẹ káàsán, Màmá. Wọ́n ní ilé ìdáná yín ti di ti òyìnbó. Ẹ jẹ́ n yọjú sí i."

"Sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ. Jẹ́ ká lọ síwájú ilé."

Sìmẹ́ńtì ti gbẹ tipẹ́. Ẹni tó fọ àwo wọ̀nyẹn ni Bọ́sẹ̀. Bó bá fojú kàn wọ́n, kò ní wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ wọ́n.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Bọ́sẹ̀ ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ya, torí pé Ìjerò ló ń lọ báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́.

"Màmá, ìkórè ń bọ̀. Ẹ bá mi bẹ Ìyá Ìjọ kí wọ́n jẹ́ n fọ àwo. Wọn ò gbọdọ̀ fún mi ní nǹkan kan. Kí àwọn èèyàn ṣáà rí mi nídìí àwo lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Bọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí..."

"Ìtùnúolúwa ọmọ mi ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ wá bá mi. Wọ́n ti sọ fún un níbẹ̀. Ó ní, 'Màámi, ibo lẹ kó àwo Ìyá Ìrètí sí?' Kò bi mí bóyá mo kó o o, Màmá. Ibi tí mo kó o sí ló ń bi mí."

Páálí òfìfo náà ṣì wà ní yàrá ìkẹ́rù. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yìn Bọ́sẹ̀ àti àwọn àwo náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ.

"Màá fi sínú àdúrà," ni Olúwatóyìn wí.

Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í sọ̀rọ̀ mi láìdáa."

Nígbà tó lọ tán, Olúwatóyìn dijú lórí bẹ́ǹṣì náà. Ó gbìyànjú àdúrà tó ṣèlérí. Kò mọ ohun tó lè sọ fún Ọlọ́run nípa Bọ́sẹ̀ tí Ọlọ́run ò ní da ìbéèrè padà sí i.

Ìpàdé àdúrà tí ẹgbẹ́ ìyá máa ń ṣe láti ilé dé ilé wá kàn án. Ó ní kí wọ́n fo òun, ẹsẹ̀ ń dun òun.

"Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́," ni Ìyá Ìjọ wí, "àwa la ó wá gbàdúrà sí i."

Ó tẹ́ pálọ̀ dáadáa, ó pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu mínírà. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa balẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìjọ nawọ́ pé kí wọ́n gbé òun dìde.

"Olúwatóyìn, mo ní kí alátáìsì rẹ wá bá mi níbí. Ọmọ mi ní kí n ṣe irú tìrẹ. Wá fi hàn mí kí n mọ ohun tí màá sọ."

Lásúnkànmí ti dé ẹnu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí Olúwatóyìn tó rí nǹkan wí, ẹnì kan ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti ya wọ ilé ìdáná.

"Ulé ìdáná rè é?" ni Ìyá Ìjọ wí. "Èmi á gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá síbí ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rachael ò bá wọn rín. Ó ti dúró níwájú pẹpẹ.

"Àwo màámi rí báyìí gẹ́lẹ́," ló wí.

Olúwatóyìn tètè fèsì. "Ó pọ̀ lọ́jà nígbà kan."

"Òótọ́ ni. Adó-Èkìtì ni màámi ní àwọn ti rà á." Rachael fi ìka tọ́ òdòdó etí ọ̀kan wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa tẹ́ ẹ rí irú ẹ̀, Ìyá Bọ́láwálé. Ojú mi tún rí i."

Ó gbà á gbọ́. Olúwatóyìn sọ fún mi pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ibẹ̀ yẹn lòun ò lè gbàgbé. Rachael gba òun gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn fún òun.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ obìnrin ìlú wa: àwo tó bá ti rí, ìdí rẹ̀ ló máa wò. Ìyá Ìjọ na ọwọ́, ó di àwo kan mú láti yí i wò. Àwo ò mì. Ó fà á. Kò mì.

"Kí ló mú àwo yìí?"

Lásúnkànmí ti ń dúró de ìbéèrè yẹn. "Ẹ má fà á, Màmá, apá yín á ro yín. Gọ́ọ̀mù ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Bí ilé bá ń mì, wọ́n á wà níbẹ̀. Àmọ́ ojú mi rí nǹkan o. Ọ̀dà tó wà ní ìdí wọn, ó ti gan mọ́ ọn. Mo ha á títí ìka mi fi bó kí gọ́ọ̀mù tó gbà."

Rachael ò yíjú. "Ọ̀dà wo?"

"Aláwọ̀ ewé, Màmá."

"Ìlà kan ni, àbí méjì?"

"Méjì ni. Kékeré báyìí." Ó fi ìka méjì hàn án. "Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ẹni tó ń mu mínírà lẹ́yìn gbé ìgò rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Olúwatóyìn tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń wo ibi tí táìsì ilẹ̀ ti pàdé ara wọn.

"Ìyá Bọ́láwálé," ni Rachael wí, ohùn rẹ̀ ò ga, "ìgbà wo lẹ rí i?"

"Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀."

"Níbo?"

"Yàrá ìkẹ́rù. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀ nígbà tí òjò dé. Mo gbàgbé. Ọlọ́run rí mi, mo gbàgbé."

"Ẹ gbàgbé kẹ́ ẹ tó rí i. Nígbà tẹ́ ẹ rí i tán ńkọ́?"

Olúwatóyìn kúnlẹ̀ sáàárín wọn. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá Ìrètí."

"Ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Ohùn Rachael yí padà. "Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bọ́sẹ̀. Mo tú aṣọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí. Èmi náà dà á lóró. Àmọ́ èmi ò mọ̀."

Ìyá Ìjọ ò ní kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà ìparí. Wọ́n mú gèlè wọn, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lásúnkànmí ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wa, ṣé mo sọ ohun tí kò yẹ ni?"

"Rárá," ló dá a lóhùn. "Èmi ni."

Lọ́jọ́ kejì, Lásúnkànmí padà wá pẹ̀lú òòlù. Àwo mìíràn jáde lódindi, òmíràn là sí méjì, táìsì tó yí wọn ká sì fọ́. Olúwatóyìn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn lọ sílé Rachael, èyí tó fọ́ àti èyí tí kò fọ́. Rachael gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Ẹ ti lọ sí Ìjerò?"

"Mi ò tíì lọ."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ó lọ. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bọ́sẹ̀ jókòó sórí àpótí láàárín àwọn obìnrin, ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kò dìde, kò sì dáwọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó dúró.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Sìmẹ́ńtì yín ti gbẹ?"

Olúwatóyìn sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, kò fi ọ̀kan pamọ́, títí dórí àdúrà tí kò gbà. Bọ́sẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ò pè mí lólè rí," ló wí. "Ìyẹn ló pa mí. Bí ẹ bá pè mí lólè, ǹ bá bá yín jà, ayé á yẹ ọ̀rọ̀ wa wò. Ẹ kàn ní èmi ló fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Kí ni mo fẹ́ fi ja ìyẹn?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Gbogbo ilé tí wọ́n ti lé mi, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ pé àṣìṣe wọlé. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe."

"Màá lọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Mo ṣèlérí fún ọ."

Ó jẹ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́ ìyá. Wọ́n ní kó má gba àdúrà ìparí mọ́, wọ́n sì ní kí Bọ́sẹ̀ wá fọ àwo ìkórè. Ọkàn rẹ̀ wá ń sọ fún un pé ó ti tó. Ta ló ku tí kò tíì gbọ́? Òjò ń rọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún lóòótọ́ báyìí. Ìkórè kọjá, Kérésì kọjá, kò tíì lọ sí ilé kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Bọ́sẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Olúwatóyìn ò lè kọrin kan ní ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bẹ̀rẹ̀. Ilé àkọ́kọ́, omijé ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ní ilé kejì, obìnrin náà bínú sí i. "Èmi ò pè é lólè rí kẹ̀. Mi ò kàn ránṣẹ́ sí i ni."

"Èmi náà ò pè é bẹ́ẹ̀, mà," ni Olúwatóyìn dáhùn. "Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Ẹnì kan fún un lómi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnì kan pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde kí wọ́n wá wo ìyá tó ń gbàdúrà. Ó dúró, wọ́n wò ó. Ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe bí òun. Ọ̀nà ilé Rachael ì bá kúrú lọ́jọ́ tóun rí páálí yẹn.

Ilé kan ló kù, ní Ìjurin. Ibẹ̀ ni Màmá Fọláyẹmí ń gbé, tó dá Bọ́sẹ̀ padà láti ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí màmá náà ń sin ọkọ rẹ̀, tòun ti bàsíà àti kànìnkànìn lọ́wọ́. Bọ́sẹ̀ ní òun máa tẹ̀ lé e dé ibẹ̀ yẹn, òun fẹ́ gbọ́ ọ létí òun. Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì.

Màmá Fọláyẹmí jókòó sábẹ́ òrùlé. Ní òdìkejì ọ̀nà, àwọn kan ń sá kòkó sórí ọ̀rá tapólì. Olúwatóyìn kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe ti ń sọ ọ́ ní àwọn ilé yòókù, lóhùn pẹ̀lẹ́.

Màmá náà fi ọwọ́ gbá etí. "Sọ ọ́ sókè. Etí mi ti di láti ọdún mélòó kan."

Ó tún un sọ.

"Mi ò gbọ́."

Olúwatóyìn wo Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà. Àwọn tó ń sá kòkó ti nàró. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí àfi níbi àdúrà dìde dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sì kígbe.

"Bọ́sẹ̀ ò jí àwo kankan. Ilé mi ni wọ́n wà. Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀. Mo rí wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri mi, mo sì jẹ́ kí ẹ máa pè é lólè."

Màmá Fọláyẹmí mi orí. Ó wo Bọ́sẹ̀ pẹ́, ó sì sún lórí bẹ́ǹṣì kí Bọ́sẹ̀ lè rí ibi jókòó. Ó wá nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà.

"Èmi ti gbọ́. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn ńkọ́? Ojú wọn ni mo ti lé Bọ́sẹ̀."

Olúwatóyìn sọdá ọ̀nà, ó lọ bá àwọn tó ń sá kòkó, ó sì sọ ọ́ fún wọn.